Òkèlè Mẹ́ta Lálẹ́ Ààwẹ̀ Oòrùn

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Lalmuni fi gba ààwẹ̀ Oòrùn, kò sì sí ọdún kan tí Ramashish ọkọ rẹ̀ kò dúró tì í, bí òun kì í tilẹ̀ í gbà á. Bí Lalmuni bá fọ àlìkámà tó sá a sórí òrùlé, ọkọ ni í jókòó tì í tòun ti ọ̀pá, kí ológoṣẹ́ má baà fẹnu kàn án kó sọ ọ́ di àjẹkù. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin náà, tí aláàwẹ̀ máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí jẹ oúnjẹ kan ṣoṣo tí yóò gbé e dé òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọkọ ni í lọ láti ilé dé ilé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ so ajá yín. Ìyàwó mi fẹ́ jẹun." Nítorí bí aláàwẹ̀ bá gbọ́ ohùn kankan, ó parí nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ padà sínú àwo mọ́, omi pàápàá dèèwọ̀. Ikọ́ sì ń ṣe Ramashish. Yóò rìn dé etí odò Gandak, yóò wúkọ́ tẹ́rùn níbẹ̀, kó tó padà wá ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ikọ́ yẹn náà ló mú un lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀fọ̀ kò jẹ́ kí ilé náà ṣọdún. Lalmuni jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwọn ẹlòmíì bí wọ́n ṣe ń ru agbọ̀n lọ sódò, inú ilé rẹ̀ sì dà bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Nígbà tí ọdún tún yí po, ó ní òun yóò gbà á.

Awadhesh, ọmọ rẹ̀, pariwo. "Màmá! Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin! Ta lẹ fẹ́ fi agbára hàn?"

"Oòrùn ni. Ó dàgbà jù mí lọ, n kò sì tíì gbọ́ kó ní ó rẹ òun."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá jẹun yó lálẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ ò ní wọ odò. Ẹ ò sì ní gbà á mọ́ láyé."

Ó gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni kò ní gbà?

Chanda, ìyàwó Awadhesh, ló gba iṣẹ́ olóògbé, tọkàntọkàn ló sì fi ṣe é. Ó so ajá, ó bẹ àwọn alálùpùpù, ó gba fèrè lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò. Nínú yàrá, Lalmuni jókòó síwájú ìrẹsì tí wọ́n fi wàrà àti ṣúgà ìrèké sè lórí iná igi máńgòrò. Ó bu ti Ìyá Chathi, òrìṣà tó ni ààwẹ̀ náà pẹ̀lú Oòrùn, sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ tirẹ̀. Òkèlè kìíní. Ìkejì. Kò kánjú, alẹ́ ṣì pọ̀. Ó gbé ìkẹta sẹ́nu.

"Olè! Olè oníwo! Fi ìrèké yẹn sílẹ̀, olórí burúkú!"

Chanda ni. Ewúrẹ́ aládùúgbò ló wọ àgbàlá, tó ń jẹ ìrèké ọdún wọ́ọ́rọ́wọ́. Ewúrẹ́ kò dún pínrín. Ẹni tó ń ṣọ́ ìdákẹ́jẹ́ ló pariwo.

Lalmuni fọwọ́. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ó bá Chanda lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ pa mí."

"Bí mo bá pa ọ́, ta ni yóò fi àlìkámà dín tekua lọ́la? Dìde jàre."

Awadhesh ti dé. "Màmá, ṣé ẹ yó?"

Aláàwẹ̀ kì í purọ́. "Òkèlè mẹ́ta," ni Lalmuni wí, ó sì dorí kodò.

"Ó tán nìyẹn."

"Kò tán!" Chanda dìde. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ Awadhesh lẹ́nu rí lójú ìyá. "Èmi ni mo jẹ̀bi. Màmá á wọ odò, èmi náà á wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣubú, èmi ni wọ́n á ṣubú lù."

Awadhesh wo ìyàwó, ó wo ìyá. Lọ́jọ́ kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló ru agbọ̀n ọdún sórí lọ sódò.

Wọ́n dúró nínú odò títí oòrùn fi wọ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin, wọ́n tún wọ̀ ọ́. Omi tutù dé ìbàdí, ìkùukùu sì bo òkè odò. Lalmuni gbé atẹ ọparun dání pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tekua, Chanda sì di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú. Ẹni tó dì í mú yìí ló ń fara tì í. Ìyá yíjú. Osùn abilékọ aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n fà láti imú ìyàwó dé àárín orí ń tàn, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ funfun.

"Ìwọ, kí lo jẹ lánàá?"

Chanda tẹjú mọ́ ìkùukùu.

"Níjẹta ńkọ́?"

"Ìyá, òkèlè mẹ́ta tiyín pọ̀ ju tèmi lọ."

Ẹ̀rín já lẹ́nu Lalmuni láàárín odò, àwọn aláàwẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì yíjú wò ó. "Ta ló kọ́ ọ pé wọ́n ń tìtorí ẹ̀bi gba ààwẹ̀ yìí? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan ti gbà á nìyẹn, kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń bọ́ sílẹ̀. Ó yá, gbé e níhìn-ín, má jẹ̀ẹ́ kó dà nù."

Chanda fọwọ́ kan atẹ. Oòrùn yọ orí pupa lẹ́yìn ìkùukùu. Awadhesh da wàrà sódò níwájú wọn fún Oòrùn, ọwọ́ mẹ́rin sì gbé atẹ náà sókè.

Nígbà tí wọ́n gun èbúté, Awadhesh sáré bá ìyá rẹ̀ pẹ̀lú omi àti atalẹ̀ tí yóò fi ṣínu. Ìyá tì í sẹ́yìn.

"Ìyàwó rẹ ni kí o kọ́kọ́ fún. Ọmọdé ni, kò tíì mọ̀ ọ́n gbà."