Ọ̀rẹ́ Mi Tí Wọ́n Wá Mú Lọ Gbá Bọ́ọ̀lù l'Ékòó

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ohun tó dùn mọ́ mi bíi bọ́ọ̀lù. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ ilé kejì sí tiwa ní Òdòde, la jọ ń gbá a. Bí a bá ti sá kòkó tán, ó di pápá. Àwọn ará ìlú a máa ní ẹsẹ̀ wa dọ́gba, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan dé láti Èkó, láti ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Nígbà náà, wọn kì í sanwó bọ́ọ̀lù fúnni. Òfin ni pé òṣìṣẹ́ wọn nìkan ló lè gbá fún wọn, nítorí náà, ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n gbá, wọn a wáṣẹ́ fún un. Ó wo àwa méjèèjì títí, ó mú ọ̀rẹ́ mi, wọ́n sì sọ ọ́ di mẹ́sẹ́ńjà. Mo jowú gidigidi. Nígbà tó wálé Kérésìmesì pẹ̀lú bàtà bọ́ọ̀lù aláwọ, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí n má baà kí i.

Ọjọ́ kejì ọdún, a fẹ́ bá àwọn ará Àkúrẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀rẹ́ mi ti wọ bàtà tán kí rẹfirí tó ní kò gbọ́dọ̀ wọlé: ẹni tó bá ti tọwọ́ bọ̀wé fún ẹgbẹ́ kan kò lè gbá fún òmíràn láìgbàṣẹ. Èmi ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Mo gbá góòlù wọlé, wọ́n gbé mi lé èjìká.

Nígbà tí à ń lọ sílé, ọ̀rẹ́ mi ní, "Ìwọ lo ni ẹsẹ̀ rẹ. Tèmi, ọ̀gá mi ló ni ín."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe é léṣe lórúnkún níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-iṣẹ́ náà. Kò tíì lè rìn dáadáa tí wọ́n fi gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì síbi tó lè fẹjọ́ sùn. Ó padà sóko kòkó bàbá rẹ̀, ó ń tiro, títí ó fi kú.

Lónìí, ẹ̀ ń wo tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀ ń sọ pé wọ́n ra ọmọ kan láti ẹgbẹ́ yìí sí tọ̀hún. Ó ní agbẹjọ́rò, ó ní dókítà, bó bá ṣèṣe pàápàá, owó rẹ̀ ń wọlé. Bí mo bá dákẹ́ nígbà tí ẹ bá ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó ní oorun ló ń kùn mí. Owú ni. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ nítorí ọ̀rẹ́ mi. Èyí tó pọ̀ jù, kí n má purọ́, nítorí ara mi ni: ká ní èmi ni wọ́n pè, ǹ bá lọ, orúnkún ìbáà yẹ̀.