Ẹni Tó Yẹ Kó Wá Gba Dúútì Lọ́wọ́ Sìdí

Ẹ fara balẹ̀, kí n ro ohun tí ojú mi rí nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún yín. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o! Bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì ni mò ń tà ní Tejúoṣó, ìwé mi ò sì kọjá pírámárì. Àbúrò mi, Sìdí, ni nọ́ọ̀sì, ó ní láísẹ́ǹsì, ọsibítù aládàáni kan ní Sùúrùlérè ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ yìí ti kàwé, ó ti yege, ó ń gún àwọn alágbára lábẹ́rẹ́ ní ìdí, síbẹ̀ wọ́n ní bí kò bá ní dìgírì, ibi tó wà náà ló máa wà títí irun rẹ̀ á fi funfun bíi yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Ló bá padà sílé ìwé. Dúútì lálẹ́, kíláàsì lọ́sàn-án. Ìgbà wo ló ń sùn? Àdán ń sinmi jù ú lọ!

Ìdánwò wá bọ́ sí àárọ̀ tó máa ti dúútì alẹ́ jáde. Ó bẹ mátírọ́ọ̀nù pé kó fi ẹlòmíì sí i. Mátírọ́ọ̀nù ní ẹlòmíì dà, ṣebí gbogbo wọn ló ti wọkọ̀ òfurufú lọ sókè òkun. Títí, ọ̀rẹ́ Sìdí, ló máa wá gba dúútì lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, ó sì ṣèlérí pé òun á tètè dé. Bí ìdánwò yìí bá bọ́ lọ́wọ́ Sìdí, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbé mọ́ínmọ́ín àti aṣọ tó máa pààrọ̀ lọ bá a. Títí ò dé. Fóònù rẹ̀ ò lọ. Mo ní kí Sìdí jẹ́ ká máa lọ jàre, ṣebí ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó wọ funfun bíi tirẹ̀. Ó ní ọmọ yẹn kì í ṣe nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ló ń kọ́. Ó ní nídìí iṣẹ́ àwọn, èèyàn ò gbọdọ̀ fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ àfi bí ẹni tó kàn bá dé, tí wọ́n jọ yí bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn ká, tí ẹni tó ń lọ sì fẹnu ara rẹ̀ sọ bí oníkálukú ṣe sùn fún un. Mo ní kí ló le níbẹ̀, bí èmi bá ń jáde, ìyá oníkọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ mi ló ń bá mi wo ìsọ̀.

"Àǹtí mi, bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì kì í dákú."

Mo bá dìde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mi kì í jókòó lásán!

Mo gba àdírẹ́sì Títí, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Mushin. Ìyá rẹ̀ ló yọjú. Ó ní ara Títí ò yá, ó ń sùn. Mo ní kí n kí i. Ó ní rárá, ó ti lọ wo ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tó ń sùn ti dé Ìjẹ̀bú! Mo wolẹ̀, mo rí bàtà iṣẹ́ Títí tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n sá sóòrùn, bíi ti ẹni tí kò ní wọ̀ ọ́ mọ́.

Mo wá sọ ti ìdánwò àbúrò mi fún ìyá náà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fà mí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, inú ọkọ̀ òfurufú ló wà. Má sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó balẹ̀."

Kí ni kí n sọ? Ṣé èmi náà ò mọ̀ ọ́n ni? Ta ló ń pariwo ìrìnàjò nílùú yìí kó tó gúnlẹ̀? Títí ṣe ìlérí yẹn kí ẹnikẹ́ni má baà fura ni. Èébú tí mo ti tò sẹ́nu láti Sùúrùlérè, mo gbé e mì.

Mo padà, mo ní Títí ò wá mọ́, kí mátírọ́ọ̀nù wá dúró fúnra rẹ̀. Ó wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi dé Yábàá, wọ́n ti tilẹ̀kùn ìdánwò. Sìdí dúró lẹ́nu géètì, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín tútù, omi ń dà lójú rẹ̀. Èmi tí mo máa ń rí ohun gbogbo fi rẹ́rìn-ín, mi ò rí ẹyọ kan níbẹ̀.

Nígbà tí Títí balẹ̀, mo sọ òótọ́ fún Sìdí. Kò bú u. Ó kàn ní ta ni Títí ì bá sọ fún.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá ń sá lọ ń fi ẹnì kan sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tí kò lè sá. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ta ló dúró dè yín? Ta lẹ̀yin náà dúró dè tí kò dé? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ jẹ́ kí n gbọ́.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, bí mo bá wọlé, Sìdí á dojú fóònù rẹ̀ bolẹ̀. Mo sì rí súwẹ́tà nípọnnípọn lábẹ́ àwọn aṣọ rẹ̀, nínú ooru Èkó yìí! Mi ò bèèrè. Mo kàn ní:

"Bí ìrìnàjò tìrẹ bá yá, má sọ fún mi. Ṣùgbọ́n sọ fún ẹni tó máa dúró dè ọ́."

Bí ẹ bá wá kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí mo ní ó ń sùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè bàtà rẹ̀.