Súbérù, ní Ọdún Tí Ọkọ̀ Bẹ̀rẹ̀ sí Gba Ọwọ́ Ọ̀tún

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé mọ́tò ló pa Súbérù Akíntáyọ̀, ẹnu mi a kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ èmi gan-an wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbé orí rẹ̀ kúrò lórí ọ̀dà. Síbẹ̀, ọkàn mi kò tíì gbà á.

Ará Ìwó ni Súbérù, èmi Oyèlékè jẹ́ ará Ẹdẹ. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan náà la ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìsọlọ̀: òun ń tún ẹ̀rọ ṣe, èmi ń ká òwú. Ilé kan náà la sì ń gbé, ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ìsíátù ìyàwó rẹ̀ ń ta bọ́tìnì àti òwú ìránṣọ lọ́jà Òṣòdì. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, ìbejì ló sì ṣíwájú, ìyẹn ni gbogbo ilé fi ń pe Súbérù ní Bàbá Táíyé.

Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, owó epo ń wọ ìlú, ẹni tó bá ti rówó díẹ̀ tọ́jú, ọkọ̀ tuntun ló ń sáré rà. Dátsùn dé, Pijó dé, Fọ́sìwágìn tí à ń pè ní ìjàpá kún títì. Súbérù ní tirẹ̀ lọ rí Mọ́rísì kan tó ti dípẹtà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Muṣin, tí ewúrẹ́ ń bímọ sínú rẹ̀. Ọkọ̀ ọdún 1953 ni. Ọdún kan gbáko ló fi tún un ṣe, ó wá kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó ń dán bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Mo bi í pé, “Súbérù, kí ló dé tí o ò ra tuntun bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ?”

Ó ní, “Tuntun wo? Àwọn tó ṣe eléyìí kò kánjú. Wá gbọ́.”

Ó fà mí sún mọ́ ojú ẹ́ńjìnnì. Ariwo lásán lèmi gbọ́, ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ ń tàn bí ojú ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ má tìtorí ìyẹn rò pé ọkọ̀ ló fi ṣe ìyàwó o. Láàárọ̀ Sátidé, tí Ìsíátù bá ti lọ sọ́jà, òun ni yóò wẹ̀ fún àwọn ọmọ, tí yóò fọ yunifọ́ọ̀mù wọn, tí yóò sá a sórí okùn. Àwa ọkùnrin ilé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. A ní, “Bàbá Táíyé, ṣé obìnrin ti tán nílé yìí ni?” Yóò ní, “Ọmọ tèmi náà ni wọ́n, ìyá wọn nìkan kọ́ ló bí wọn.” Bó bá di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, gbogbo wọn á há sínú Mọ́rísì, wọ́n á gba ọ̀nà Éjìgbò títí dé Àìlégùn. Bí ọkọ̀ bá kú mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa tì í, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

Ọdún 1972 ni ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ̀rù ba oníkálùkù. Súbérù mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya títì sí gbogbo àgbàlá, ó ní kí á máa rìn ín, ká tó sọdá, ká kọ́kọ́ wo òsì. Ẹni tó bá ṣì í, yóò padà lọ bẹ̀rẹ̀. Bàbá Fákúnlé tó ni ilé pàápàá rìn ín, tòun tọ̀pá. Ìṣòro kan ló kù: ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn Mọ́rísì wà. Bó bá ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún, kò ní lè rí iwájú dáadáa tó bá fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀. Ìsíátù ló wá di ojú rẹ̀. Yóò yọrí lápá òsì, yóò máa wí pé, “Dúró, dúró… ó yá, máa lọ!” Ọjọ́ Àjíǹde tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n wà á dé Òṣòdì, wọ́n wà á padà, ohunkóhun kò ṣe wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ keje lẹ́yìn rẹ̀, láàárọ̀ Sátidé, ara àbíkẹ́yìn wọn gbóná, Ìsíátù kò lọ sọ́jà. Bíréèkì Mọ́rísì ti rọ̀ díẹ̀. Súbérù ní òun kò ní fi í gbé ọmọ òun lọ sí ibikíbi títí òun yóò fi pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Èmi àti ẹ̀ bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òṣòdì. A rí rọ́bà náà rà, ẹni tó tà á fún wa fi bébà wé e. A rìn padà sétí títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Súbérù ń sọ fún mi pé Kẹ́hìndé ti lè jókòó nínú yàrá, kó gbọ́ ohùn ọkọ̀ níta, kó sì sọ pé Ọ́sítìn ni. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wo ọ̀tún, bí gbogbo wa ti ń wò ó láti ọjọ́ tí a ti dé Èkó. Kò rí nǹkan kan. Ó sọ̀ kalẹ̀ sójú títì.

Òsì ni típà tó kó iyanrìn ti ń bọ̀.

Mo na ọwọ́. Aṣọ rẹ̀ kàn mí lọ́wọ́, ó sì yọ. Ìró kan ṣoṣo ni mo gbọ́, bí ẹni ju àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀. Súbérù kò tilẹ̀ ké. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wa típà náà, ó bẹ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń pariwo pé, “Ọ̀tún ló wò! Mo fọn fèrè fún un, ọ̀tún ló wò!” Kò sẹ́ni tó lù ú. Gbogbo wa kàn dúró. Ẹni tó kọ́ gbogbo ará ilé wa bí a ó ṣe máa sọdá! Ojú rẹ̀ ti kọ́ ọ nídìí sítíárìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kọ́ ọ.

Nígbà tí mo délé, Ìsíátù ń fún ọmọ lẹ́kọ mu. Ó rí ẹ̀jẹ̀ lára ṣẹ́ẹ̀tì mi.

“Bọ̀ọ̀dá Oyèlékè, kí ló ṣẹlẹ̀? Bàbá Táíyé dà?”

“Ìsíátù, mọ́tò kọ lù ú.”

Ó yíjú sí àgbàlá, níbi tí Mọ́rísì wà. “Mọ́tò wo? Mọ́tò ẹ̀ nìyí.”

“Ẹsẹ̀ la fi ń rìn.”

“Mọ́tò ẹ̀ nìyí! Kò jáde lónìí.” Ó gbé ọmọ sílẹ̀, ó lọ gbé ọwọ́ lé ojú ẹ́ńjìnnì. “Ẹ wá fọwọ́ kàn án. Ó tutù. Ẹ̀yin ẹ wá fọwọ́ kàn án.”

Mo lọ fọwọ́ kàn án. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín. Ìsíátù kò sunkún lọ́jọ́ náà; bí ẹni ń retí ẹnìkan ló ń wò. Nígbà tó jáde opó, àwọn èèyàn wá bá a pé kó ta ọkọ̀ náà, ó ní rárá. Ó ní kí n kọ́ òun ní ọkọ̀ wíwà, bí Súbérù ti kọ́ èmi náà. Kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó tán, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi Mọ́rísì kó ọjà lọ sí Òṣòdì, tí àwọn ọkùnrin ń dúró wò ó. Ó tọ́ ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yanjú. Kẹ́hìndé di mẹkáníìkì.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé ikú yẹn ni mo ń rántí jù. Àyànníyì tó ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ ti lọ sí abúlé láti Fúráìdè, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní, “Ẹ̀yin nìkan lẹ dá wá? Bàbá Táíyé ńkọ́?”

Mo ní, “Ó ń bọ̀.”

Mo wọlé. Kò pẹ́ tí òwú já lẹ́nu ẹ̀rọ mi, ẹ̀rọ sì dákẹ́. Mo gbé ohùn sókè bí mo ṣe máa ń ṣe, mo pè é pé, “Súbérù!” Ọkùnrin méjì pa ẹ̀rọ tiwọn, wọ́n ń wò mí. Mo tún pè é lẹ́ẹ̀kejì.