Alùpùpù Tó Ga Ju Ẹsẹ̀ Bàbá Mi Lọ

Mi ò lè jókòó kí n má fọwọ́ kan nǹkan. Ìyàwó mi ní bí wọ́n bá so mí mọ́ àga, màá tú àga náà palẹ̀. Kò parọ́. Nígbà tí mo ra alùpùpù kan tí wọ́n ti lò rí, irú èyí tó ń sáré lórí títì ọlọ́dà tó sì tún ń wọ inú igbó, mi ò tíì gùn ún dé Gáréèjì Ìkòròdú lẹ́ẹ̀mẹta tí ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Iṣẹ́ wáyà iná ni mo ń ṣe, èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá mi lẹ́kun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí mo háyà ní Ìpakodò?

Mo ní torí bàbá mi ni mo ṣe rà á. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń gbé, apẹja tí orúnkún àti ìbàdí ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ojú ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀ nítorí ìlú tí wọ́n ń gbé, ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀, dókítà sì ti ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe mọ́. Bàbá mi fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wọn tún rí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú náà tó fọ́ pátápátá. Ìgbà òjò ni. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, kí wọ́n dúró dè mí, tí òjò bá ti dá, èmi ni màá fi alùpùpù gbé wọn lọ. Wọ́n ní Inṣá Allāhu, ọ̀rọ̀ parí.

Òjò dá, mi ò lọ. Mo wo àwọn kòtò ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, mo ro ti ìbàdí bàbá mi, mo ní ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn tó bá alùpùpù náà wá, èyí tó ń gba kòtò mọ́ra, ti le jù. Mo ra òmíràn tó rọ̀, tó sì gùn jù ú lọ. Kò wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bá ihò bóòtù kan ṣoṣo jà, sípánà yọ̀, ó bó mi lọ́wọ́. Nígbà tó wá wọlé tán, ẹ̀yìn alùpùpù ti ga débi pé irin tó fi ń dúró kúrú jù, ó fẹ́ máa ṣubú. Mo gbé e lọ bá wẹ́dà kó jó irin mọ́ ọn kó lè gùn sí i. Kò pẹ́ tí mo tún rí káríà irin kan tí wọ́n ń gbé ẹrù lé lórí fóònù, mo ní ẹrù wọn gbọ́dọ̀ ríbi jókòó, mo rà á, mo dè é mọ́ ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan bàbá mi á pè pé ṣé òní ni. Màá ní ó ku díẹ̀. Ojú Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀ náà ku díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ọkàn mi pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí mo dé Ẹ̀pẹ́ níkẹyìn, bàbá mi ti múra, wọ́n dé fìlà funfun, wọ́n ti di ẹja gbígbẹ sínú àpò fún ẹ̀gbọ́n wọn. Àwọn ará àdúgbò jáde wá wòran, torí wọ́n ti gbọ́ ìròyìn alùpùpù yìí títí ó fi sú wọn. Bàbá mi di èjìká mi mú, wọ́n gbé ẹsẹ̀. Kò dé. Wọ́n tún gbé e. Ẹnì kan gbé àpótí wá, wọ́n gun orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ò kọjá káríà. Gbogbo ohun tí mo dè mọ́ ọn nítorí wọn ló dínà mọ́ wọn. Inú bí mi sí bóòtù, sí àpótí, sí àwọn tó ń wò wá. Mo ní kí wọ́n fún mi ní wákàtí kan péré kí n tú káríà kúrò. Sípánà ti wà lọ́wọ́ mi.

"Fi sílẹ̀," ni bàbá mi wí. "Tó o bá tú u tán, wàá tún rí òmíì tú."

Wọ́n gbé àpò ẹja lé káríà, wọ́n ní kí n gbé ìyẹn lọ. Wọ́n rọra sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi, wọ́n wọ ọkọ̀ tó ń kó àwọn oníṣòwò lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀.

Èmi nìkan ni mo gun alùpùpù. Ṣọ́ọ̀kù náà dára o. Mo ń bọ́ sí kòtò, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Ó dùn mọ́ mi, ojú sì ń tì mí pé ó dùn mọ́ mi.

Bàbá mi ti ṣáájú mi débẹ̀. Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀ ń fi ọwọ́ méjèèjì wá ojú wọn kiri, láti iwájú orí dé irùngbọ̀n. Ìyá ní ohùn nìkan ni àwọn fi dá àbúrò àwọn mọ̀. Wọ́n ní títí di oṣù tó kọjá, àwọn ṣì ń rí ojú èèyàn tó bá sún mọ́ àwọn.

"Ọkọ̀ ojú omi ò dáwọ́ dúró láti ìgbà òjò," ni wọ́n sọ fún bàbá mi. "Kí ló dá ẹ dúró?"

"Ọmọ yìí ló ní kí n dúró de òun." Kò sí ìbínú nínú ohùn bàbá mi.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀ ní kí n sún mọ́ àwọn, kí àwọn mọ bí mo ṣe dà. Wọ́n fọwọ́ kan ojú mi, wọ́n wá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń fi ìka wá ojú ibi tí sípánà ti bó mi. Wọ́n bi mí pé kí ló ṣe ọwọ́ mi báyìí. Mo ní iṣẹ́ ni.

"Iṣẹ́ kí ni?"

Bàbá mi náà yíjú sí mi, wọ́n ń dúró de ìdáhùn.