Orúkọ Tí Tẹ́lọ̀ Mi Fi Réésà Tú

Bí mo bá ń parọ́, kí bẹ́ẹ̀lì tí màá tún já kún fún àkísà. Òkìríkà ni mò ń tà ní Gáréèjì Ìkòròdú, a kì í sì fi bẹ́ẹ̀lì búra lásán. Ọ̀sán gangan ni ojú mi rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sì mu nǹkan kan.

Mo já bẹ́ẹ̀lì kan, mo bá àwọn ṣẹ́ẹ̀tì onílà nínú rẹ̀, aṣọ tó nípọn, tó dàgbà ju ọkọ mi lọ. Wọ́n rán lẹ́tà gbàǹgbà-gbàǹgbà sí àyà gbogbo wọn. Èmi ò kàwé. Bí adìyẹ ṣe ń wo tẹlifíṣọ̀n ni mo ṣe ń wo lẹ́tà.

Oníbàárà wa kì í fẹ́ gbé orúkọ olórúkọ sáyà. Mo kó wọn fún tẹ́lọ̀ mi, ó fi réésà tú gbogbo lẹ́tà náà, ó dà wọ́n sínú iná.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òkú wo ló máa wá gba orúkọ ẹ̀ padà?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rín yẹn ṣì ń kan mí léyín.

Lọ́jọ́ ọjà Agbówà, èmi àti tẹ́lọ̀ jọ kó ẹrù lọ. Bí oòrùn ṣe dé àárín ọ̀run, ariwo ọjà pa rọ́rọ́.

Ọkùnrin dúdú kan ti dúró síwájú àtẹ mi. Ó dé fésíkáàpù, ó wọ ìbọ̀wọ́ awọ tó tóbi bí ọwọ́ ìnàkí, ó gbé igi kan tó dán bí ọmọ odó léjìká. Mo wolẹ̀. Kò ní òjìji.

Ẹ sì wò ó, mo ṣì ń rò ó pé yóò rajà!

Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kì í ṣe Yorùbá, àmọ́ mo gbọ́ ọ yékéyéké.

"Ìyá, òyìnbó Amẹ́ríkà ò jẹ́ ká bá wọn gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá. Àwa dúdú dá ẹgbẹ́ tiwa sílẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì lé wa, inú bọ́ọ̀sì là ń sùn, ẹ̀yìnkùlé la ti ń ra oúnjẹ. A gbá a jù wọ́n lọ, wọn ò kọ ọ́ síwèé. Àyà wa nìkan ni orúkọ wa wà. Ta ló tú u?"

Mo tẹ tẹ́lọ̀ lẹ́sẹ̀ kó dákẹ́. Ṣé alásọjù ń gbọ́?

"Èmi ni, bọ̀ọ̀dá ọlọ́mọ odó. Ẹ fẹ́ gúnyán ni?"

Ọkùnrin náà kò gbé igi. Ó fi ìka kan àyà tẹ́lọ̀, ó fà á wẹ́rẹ́ bí ẹni fa òwú.

"Orúkọ la ó fi san orúkọ."

Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ariwo ọjà padà. Mo fẹ́ pe tẹ́lọ̀ lórúkọ ká sá, orúkọ náà kò sí lẹ́nu mi mọ́.

Ó wò mí, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mò ń jẹ́?"

Nígbà tá a padà dé, pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti funfun báláú. Ìyá tó bí i ń nàka sí i, ó ń sunkún. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, ààfáà tó fẹ́ sọmọ lórúkọ béèrè pé, "Ọmọ ta ni ká pè é?"

Ọkàn mi sọ pé bí a bá rán orúkọ wọn padà, tirẹ̀ náà á padà. Lẹ́tà ti deérú. Èmi àti tẹ́lọ̀ tá a rí i, a ò mọ ohun tí wọ́n kọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra òkìríkà, bí ẹ bá bá orúkọ láyà aṣọ, ẹ má tú u. Bí ẹ bá sì mọ orúkọ ẹgbẹ́ yẹn, ẹ tètè wá sọ fún mi.

Mo ní àwa méjèèjì la jọ rẹ́rìn-ín, àbí? Láàárọ̀ òní, wọ́n ń pe orúkọ ẹnì kan ṣáá ní gáréèjì. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi ni.