Ẹja Inú Gíláàsì àti Ẹnu Ìyá Mi

Àárọ̀ Sátidé ni òórùn yẹn máa ń jáde nílé wa ní Kégué, ní Lomé. Bí bàbá mi bá ti ṣí ìdérí àpótí gíláàsì wọn báyìí, òórùn omi tó ti pẹ́ lójú kan á gba pálọ̀, bí òórùn ewé tó jẹrà sínú àmù. Ìyá mi á dìde, wọ́n á lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Èmi fẹ́ràn òórùn náà ní tèmi, torí òun ló ń sọ fún mi pé iṣẹ́ mi ti dé. Èmi ni mo máa ń fọ òkúta tó wà lábẹ́ omi ẹja.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ fún òyìnbó kan ní Lomé. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sí ìlú rẹ̀, ó fún wọn ní àpótí gíláàsì kan tòun tẹja inú rẹ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ ni wọ́n, àwọn kan pupa, àwọn kan ní ilà dúdú lára. Àwọn ọmọ ayálégbé á dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n á máa wò wọ́n bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ìyá mi, tó ń ta abọ́ ìke lọ́jà, kò rí ìwúlò wọn rárá. Wọ́n á ní, "Ẹja tó ń jẹun wa, tí àwa ò lè jẹ ẹ́, àlejò wo nìyẹn?" Bàbá mi á kàn rẹ́rìn-ín.

Ẹnu ni bàbá mi fi ń fa omi àtijọ́ jáde nínú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, bí awakọ̀ ṣe ń fa epo, wọ́n á sì tu èyí tó bá kan ahọ́n wọn dànù. Èmi á ti ọwọ́ bọ omi dé ìgúnpá, màá kó òkúta jáde, màá fọ̀ wọ́n nínú abọ́ tí a fi ń ṣan ẹ̀fọ́. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ara mi kò balẹ̀. Nígbà náà, omi tó bá ti mọ́ lójú, a gbà pé ó mọ́ nìyẹn.

Ìyá mi ní òwe kan. Bí mo bá ti fi ìka kan ọbẹ̀ nínú ìkòkò, wọ́n á ní, "Àṣàkẹ́, ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé." Mo gba òwe náà bó ṣe wà. Mo gbà pé ọba kan wà níbì kan tòun tọ̀bẹ rẹ̀, mo sì mọ ìka tó ń wá: ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún mi, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ti fẹ̀sùn kàn án.

Nílé-ìwé, abẹ olójú méjì la fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe tẹ abẹ náà mọ́lẹ̀, ó gé ìfábẹ̀lá yẹn. Kò jinlẹ̀. Nígbà tí Sátidé dé, mo ti gbàgbé rẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ omi ẹja bí ìṣe mi.

Ọgbẹ́ náà san. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kókó kékeré kan yọ lójú ibẹ̀, ó pọ́n, ó sì ṣú díẹ̀. Kò dùn mí púpọ̀. Ìyá mi fi omi gbígbóná oníyọ̀ jó o, kò lọ. Wọ́n ra oògùn eéwo, mo lò ó tán, kò lọ. Òmíràn yọ lẹ́yìn ọwọ́ mi, òmíràn lọ́rùn-ọwọ́, òmíràn lókè rẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹni ń gun àkàbà lọ sí èjìká. Ní ibi ìtọ́jú kékeré kan ládùúgbò, wọ́n fi abẹ́rẹ́ tú èyí tó tóbi jù. Ojú rẹ̀ kò pa dé. Ọkùnrin ibẹ̀ sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ ní Faransé pé bó bá ń gòkè báyìí, wọ́n lè ní láti gé ìka náà kúrò. Èmi tí mò ń lọ sílé-ìwé gbọ́ ọ. Ìyá mi kò gbọ́. Mi ò túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Mo kàn di ìka náà mú títí a fi délé.

Nínú àgbàlá wa, wọ́n ti ní orúkọ fún un. Ìyá àgbà kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé sọ fún ìyá mi pé ẹnì kan ló fi nǹkan sí ọmọ lọ́wọ́. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìyá mi àti ayálégbé kan, Dàví Afí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin ní Mínà, èdè ìlú Lomé, ti jà lórí okùn ìsáṣọ ní oṣù tó ṣáájú, Dàví Afí sì ló ń din bọ́tọ̀kóì lẹ́nu géètì, àkàrà ìyẹ̀fun róbótó tí àwọn ará ilé ń pè ní pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Àràárọ̀ ló máa ń fi ọ̀kan gbígbóná sí mi lọ́wọ́ ọ̀tún bí mo bá ń lọ sílé-ìwé. Ìyá mi kò jẹ́ kí n gbà á mọ́. Bí Dàví bá kí wọn, wọ́n á máa wo òkè.

Bàbá mi wà ní ìrìn àjò lọ́jọ́ tí ìyá mi mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń kọ̀wé, kò wo ojú wa. Ó bèèrè ohun tó ṣe ọmọ náà. Ìyá mi sún mọ́ tábìlì, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Docteur, c'est poisson."

Májèlé ni wọ́n fẹ́ sọ. Ní Faransé, ìró kan péré ló ya "poison", tó ń jẹ́ májèlé, kúrò lára "poisson", tó ń jẹ́ ẹja. Ìró náà ń kùn bí oyin, kò sì sí nínú èdè wa. Ẹnu ìyá mi kò gbé e rí. Ẹja ló jáde.

Dókítà gbójú sókè. "Poisson? Ẹja wo?"

"Dàví tó wà nílé wa ló ń fún un," ni ìyá mi wí, Faransé díẹ̀, Mínà díẹ̀. "Àràárọ̀."

Dókítà wá kọjú sí mi, ó bi mí bóyá ẹja ọjà ni mo ń fọwọ́ kàn tàbí ti òkun. Mo mọ̀ pé ìyá mi kò sọ̀rọ̀ ẹja. Ṣùgbọ́n ọmọ wo ló ń tún ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ṣe níwájú àlejò? Ohun tó bi mí ni mo dáhùn.

"Ẹja bàbá mi ni. Inú gíláàsì ni wọ́n wà. Èmi ni mo ń fọ òkúta wọn."

Ó fi kálàmù sílẹ̀. Ó gba ọwọ́ mi, ó ń fi ìka rẹ̀ tọ kókó kọ̀ọ̀kan lọ sókè. Ó bèèrè bóyá nǹkan gé mi rí níbẹ̀.

"Kí ló ń bi ọ́?" ni ìyá mi wí.

"Ó ní ẹja wo ni."

"Ẹja? Ta ló dárúkọ ẹja?"

Dókítà bu ẹran ara díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí a padà lọ, bàbá mi tẹ̀ lé wa, dókítà sì ṣàlàyé. Ó ní kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń gbé inú omi ẹja, tó ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Ó ní ẹbí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, oògùn eéwo kò ràn án. Mo bi í bóyá wọ́n á gé ìka mi.

Ó ní, "Bí o bá lo oògùn rẹ tán, rárá."

Mo lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó sọ ìtọ̀ mi di àwọ̀ omi ọsàn, mo sì ń sunkún nílé ìtọ̀ títí wọ́n fi sọ fún mi pé oògùn ló fà á. Díẹ̀díẹ̀, àwọn kókó náà ń sọ̀kalẹ̀ nínú àkàbà wọn. Ìka náà kò lọ. Bàbá mi jáwọ́ nínú fífi ẹnu fa omi, wọ́n ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìyá mi sì gba abọ́ ẹ̀fọ́ wọn padà.

Ìyá mi kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ní àárọ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí dókítà ṣàlàyé, wọ́n ní kí n lọ ra bọ́tọ̀kóì lọ́wọ́ Dàví Afí. "Jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀. Jẹ ẹ́ tán." Dàví wò mí, ó wo ilẹ̀kùn wa níbi tí ìyá mi dúró sí, ó sì fi ọ̀kan sí i. Bí àwọn ènìyàn bá bèèrè bí dókítà ṣe mọ̀ ọ́n, ìyá mi á ní, "Èmi ni mo sọ fún un." Irọ́ kọ́.

Baguida, lẹ́bàá Lomé, ni mò ń gbé báyìí, mo sì ti ju ọjọ́ orí tí ìyá mi wà nígbà náà lọ. Lọ́dún yìí, Fẹ́mi àbíkẹ́yìn mi gbé àpótí gíláàsì wálé. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì lè ní kí ẹnikẹ́ni má sin ẹja. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sìn wọ́n, nǹkan kan kì í ṣe wọ́n. Mo kàn ra ìbọ̀wọ́ tó dé ìgúnpá fún un. Mo ní ọwọ́ tó bá ní ojú ọgbẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ tó bá ṣe tán, kó má sì gbé nǹkan ẹja dé ibi ìdáná mi. Ó ń pè mí ní oníbẹ̀rù. Mi ò jiyàn.

Ní Sátidé tó kọjá, ó ní kí n bá òun da oúnjẹ sí wọn. Òórùn yẹn ti gba pálọ̀. Ọwọ́ òsì ni mo fi dà á, láti òkè réré. Ìfábẹ̀lá ọ̀tún mi, tí kì í ká tán mọ́, wà lẹ́yìn mi nínú ìró. Fẹ́mi rí i, ó bi mí ní Faransé pé kí gan-an ni mò ń bẹ̀rù nínú omi yìí. Faransé mi dára. Mo lè pe ẹja, mo lè pe májèlé, kò sí ẹni tó máa ṣì mí gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fi dá a lóhùn, mo sì pè é bí ìyá mi ṣe ń pè é.

Ó rò pé ẹja ni mo wí.