Alùpùpù Ìyá Bàbá Mi

"Dì mí mú dáadáa."

Ìyá bàbá mi fa ọwọ́ irin tó wà lábẹ́ ìjókòó, ó dún kẹ̀ù, táyà kéékèèké méjì tó gbé alùpùpù náà dúró lọ́tùn-ún lósì sì gbéra nílẹ̀. A ti ń sáré. Òórùn pẹtiróòlù àti ọṣẹ dúdú ara wọn ni mò ń gbọ́.

Agbẹ̀bí ni wọ́n ní Ajangbadi. Àìsàn kan ti gba agbára ẹsẹ̀ òsì wọn, wọn kò lè fi ẹsẹ̀ gbé alùpùpù dúró mọ́. Wẹ́dà kan ní Okokomaiko ló jó àwọn táyà náà mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fẹ́ dúró, wọ́n á ti àwọn táyà náà sílẹ̀. Bí eré bá ti wọ̀ ọ́, wọ́n á fà wọ́n sókè.

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ bàbá mi nínú rárá. "Màámi, bí ẹ bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré, mo máa tà á ni." Bàbá mi ló ní kí n máa jókòó lẹ́yìn wọn, kí n máa wá jíhìn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, amí ni mí, ìyá àgbà sì mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, aboyún kan ń rọbí ní Ìbà. Nígbà tí a dé àdúgbò rẹ̀, bàbá arúgbó kan jókòó síwájú ilé. Ìyá bàbá mi kì í kọjá níwájú àgbà láìtẹ orúnkún, ìbáà jẹ́ orí alùpùpù ni wọ́n wà. Wọ́n dẹ eré, wọ́n tẹ orúnkún ba. "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, Bàbá."

Wọn kò tíì ti táyà sílẹ̀. Inú yanrìn la bára wa.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá," ni bàbá náà wí bí wọ́n ṣe ń gbé wa dìde. "Ṣé ẹnu nìkan kò tó láti fi kí èèyàn ni?"

Wọ́n gbọn yanrìn dànù, a tún gùn ún. Aboyún náà bí ọmọkùnrin láìséwu.

"Màmá, mi ò ní sọ," ni mo wí nígbà tí à ń padà bọ̀.

Bàbá mi dúró lẹ́nu géètì. Orúnkún mi tó bó ni wọ́n kọ́kọ́ rí. "Kí ló ṣe ẹ́?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi. Ìyá àgbà ṣíwájú mi: "A ṣubú ni. Mò ń kí àgbà, mo gbàgbé táyà. Èmi ni mo jẹ̀bi." Wọ́n na kọ́kọ́rọ́ alùpùpù sí ọmọ wọn. Mo rí i tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n.

Bàbá mi gbà á, wọ́n wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá a padà sọ́wọ́ ìyá wọn. "Láti ọ̀la lọ, Màámi, ẹ dúró pátápátá kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni."

Inú bí mi sí ìyá àgbà lọ́jọ́ náà, nítorí wọ́n sọ irọ́ tí mo ti tò kalẹ̀ fún wọn di asán. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti ṣe àṣìṣe tó ju ti wọn lọ. Ọwọ́ mi náà a máa gbọ̀n bí mo bá ń jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń jẹ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí.